“Ilẹ̀ là ń wọ̀n, a kì í wọn èèyàn”: ìdí tí òfin ààbò dátà fi kan ọ́fíìsì sọ́féyọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ òfin ààbò dátà, ìyẹn òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa èèyàn, láàárín àwọn sọ́féyọ̀ Ìbàdàn, ìdáhùn kan náà ló sábà máa ń jáde: “Ti báńkì àti ti àwọn oníléeṣẹ́ fóònù nìyẹn. Ilẹ̀ là ń wọ̀n ní tiwa, a kì í wọn èèyàn.” Àwọn ẹsítéètì sọ́féyọ̀, ìyẹn àwọn tó ń díye lé ilé tí wọ́n sì ń bá onílé gba owó ilé, náà ní tiwọn lẹ́nu: ilé kì í ní àṣírí. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ó tilẹ̀ fẹ́ jọ òótọ́, torí òkúta ààlà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní Mọ́níyà kò ní nọ́ńbà fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣí fáìlì kan wò.

Ká ní fáìlì páálọ́ọ̀tì kan ní Akóbọ̀ ni. Ìwé sọ́fè ló wà lókè: orúkọ ẹni tó ni ilẹ̀ gàdàgbà-gadagba, àdúgbò, ìjọba ìbílẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ibi tí òkúta kọ̀ọ̀kan wà gan-an, tí wọ́n ṣírò rẹ̀ dé mílímítà. Abẹ́ rẹ̀ ni rísíìtì tí ẹbí onílẹ̀ kọ wà, pẹ̀lú orúkọ mọ́gàjí àti ti àwọn tó bá a fọwọ́ sí i. Àwọn kan tẹ àtàǹpàkò. Fọ́tòkọ́pì NIN ń bẹ ńbẹ̀. Fọ́tò pélébé méjì náà ń bẹ. Ẹ̀rí owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ láti orí fóònù rẹ̀ tún wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì hàn kedere. Bó bá jẹ́ ẹni tó wà lókè òkun ló ń ra ilẹ̀, ojú ìwé páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀ á tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá a dúró sí ọ̀rọ̀ náà nílé. Nínú gbogbo èyí, mélòó ló jẹ́ ti ilẹ̀?

Ní 12 June 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní Nigeria Data Protection Act. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó ṣàdédé já bọ́ láti òkè. Àjọ NITDA, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fún ìjọba àpapọ̀, ti gbé ìlànà kan jáde lórí rẹ̀ láti January 2019, abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 náà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ilé ọmọ Nàìjíríà, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù ní ààbò. Òfin 2023 wá là á mọ́lẹ̀: gbogbo ìsọfúnni tó bá kan èèyàn tí a lè tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ló kàn án, yálà ó tọ́ka sí i tààrà tàbí ó gba ẹ̀yìn wá. Ó dárúkọ orúkọ, ó dárúkọ nọ́ńbà ìdánimọ̀, ó sì dárúkọ ibi tí èèyàn wà. Ibi tí èèyàn wà! Ohun tí ìwé sọ́fè ń sọ láti òkè dé ilẹ̀ kò ju ìyẹn náà lọ. Bó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì ló ni ilẹ̀, òfin yìí kò dáàbò bo kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀, torí èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà fún. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kọ́ńpìnnì tí ìbuwọ́lù àti nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fáìlì kò kúkú jẹ́ bíríkì.

Ọ̀rọ̀ pé ọ́fíìsì wa kéré kò tún gbà wá sílẹ̀. Ohun tí èèyàn ń lò nínú ilé ara rẹ̀, bí orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ tó wà nínú fóònù, ni òfin yọ sílẹ̀. Kò yọ ọ́fíìsì sílẹ̀ nítorí pé èèyàn méjì ló ń jókòó síbẹ̀. Ibi tí títóbi ti wọ ọ̀rọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ àti owó ìtanràn. Nínú ìtọ́sọ́nà tí àjọ NDPC, tó ń mójú tó òfin náà, gbé jáde ní February 2024, ìpele tó kéré jù tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí ìsọfúnni èèyàn tó lé ní 200 bá kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ ka mọ́gàjí, ẹ ka àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ ka oníduúró, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò tó o. Ẹni tó bá wà ní irú ìpele wọ̀nyí tó sì rú òfin lè san tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù méjì tàbí ìdá méjì kan náà ni tirẹ̀.

Àtakò kan wà tó lágbára ju èyí lọ, àwọn àgbà iṣẹ́ ló sì máa ń sọ ọ́. Wọ́n á ní: “Ṣebí ẹ̀dà pupa, ìyẹn ẹ̀dà ìwé sọ́fè tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ti wà ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì? Ẹni tó bá sanwó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kí lẹ tún fẹ́ bò?” Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò ní jiyàn. Àkọsílẹ̀ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé yẹ̀ wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́yà kò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí oníbàárà rẹ̀ fẹ́ rà wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ yẹ ìwé wò ní Agodi mọ ilẹ̀ tó ń wá, ó sanwó, ó sì ní ìdí tó fi wá. Ìyẹn kò bá kí sọ́féyọ̀ ju ìwé kan náà sórí WhatsApp tí ọgọ́rùn-ún àjẹ́ńtì wà dọ́gba rárá. NIN, nọ́ńbà fóònù àti ẹ̀rí owó kò sì sí lórí ẹ̀dà pupa.

Ìdí tí a fi gba ìsọfúnni lọ́wọ́ èèyàn ni òfin máa ń wò. Ẹ kò nílò kí oníbàárà tún fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda kẹ́ ẹ tó wọn ilẹ̀ rẹ̀, torí àdéhùn iṣẹ́ ti wà láàárín yín. Ẹ kò nílò ìyọ̀ǹda rẹ̀ láti fi ẹ̀dà pupa ránṣẹ́, torí òfin ló ní kẹ́ ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà tuntun bá ní, “Ọ̀gá, ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ kí n wo bó ṣe máa ń rí,” tí ẹ wá lọ yọ ìwé Alhaja kan tó wà ní Ológúnẹrú fi ránṣẹ́, àdéhùn wo lẹ dúró lé? Orúkọ Alhaja, nọ́ńbà pláànù rẹ̀, sítáǹpù yín àti ìbuwọ́lù yín ti wà lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ kò mọ̀ rí. Ohun tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀ nílò kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á yọ orúkọ kan, wọ́n á fi òmíràn sí i, ilẹ̀ kan á di ti ẹni méjì, ìwé méjèèjì á sì jẹ́ ti ọ́fíìsì yín. Ẹ pa orúkọ rẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ìwé ẹnikẹ́ni ṣe àpẹẹrẹ, kẹ́ ẹ pa nọ́ńbà pláànù àti sítáǹpù rẹ́ pẹ̀lú. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ ya ilẹ̀ tí kò sí níbì kankan, kó máa dúró fún àpẹẹrẹ. Àwọn kan á sọ pé WhatsApp ti ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ó ní in lóòótọ́, lójú ọ̀nà. Bó bá ti dé fóònù ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí, ọwọ́ onítọ̀hún ló wà.

Ibòmíràn tí ìwé ti ń jò ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ọ́fíìsì kékeré kì í sábà ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá. Ọmọ iṣẹ́ á mú fíláàṣì lọ, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á da fáìlì sójú Desktop, á tẹ̀ ẹ́, á gbowó, á sì pe ẹni tó kàn. Ẹ yọjú wo kọ̀ǹpútà náà nírọ̀lẹ́. Ìwé sọ́fè ọ́fíìsì mẹ́rin, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí ìbúra kóòtù, gbogbo wọn ló jókòó sójú kan náà pẹ̀lú orúkọ. Òfin kò sì ní bá ọmọbìnrin yẹn nìkan sọ̀rọ̀: ẹni tó gba ìsọfúnni lọ́wọ́ oníbàárà gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni tó bá gbé e fún láti bá a ṣiṣẹ́ náà tọ́jú rẹ̀. Kí ọmọ iṣẹ́ yín tẹ̀ ẹ́ láti inú fíláàṣì, kó má da á sórí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá da á síbẹ̀, kó dúró kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì tún kó o kúrò nínú Recycle Bin.

Ọ̀dọ̀ àwọn ẹsítéètì sọ́féyọ̀ lọ̀rọ̀ ti le jù lójú tèmi. Ẹ gba fọ́ọ̀mù ayálégbé kan ní Bódìjà kẹ́ ẹ kà á. Níbo lẹ ti ń ṣiṣẹ́? Èló ni wọ́n ń san fún yín? Ọmọ mélòó? Ẹ̀yà wo? Ẹ̀sìn wo? Ìbéèrè méjì ìgbẹ̀yìn wà lára ohun tí òfin kà sí ìsọfúnni ẹlẹgẹ́, tó ní ìdáàbòbò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí sì ni ẹ̀sìn ayálégbé fẹ́ fi kún owó ilé? Èèyàn mẹ́wàá á kọ fọ́ọ̀mù, ẹnì kan á rí ilé gbà, fọ́ọ̀mù àwọn mẹ́sàn-án tó kù á wà nínú dúrọ́ọ̀ títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣírò owó. Nígbà mìíràn, ọ̀dọ̀ ẹlẹ́pà ló ń gbà dé ìgboro.

Àṣìṣe mìíràn ni pé à ń rò pé kí ìwé má jò síta nìkan ni ààbò. Bí ìwé bá sọnù, bó bá jóná, bí ẹnìkan bá yí i padà, òfin ka gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo èyí: tí òkúta kan ní Ìbàdàn bá wà ní mítà 604,852.316 sí ìhà ìlà oòrùn nínú ìṣirò UTM tí àwọn sọ́féyọ̀ fi ń sọ ibi tí nǹkan wà, tí ẹnìkan wá fọwọ́ kan fáìlì tó di 604,862.316, òǹkà kan péré ló yí padà, òkúta sì ti sún mítà mẹ́wàá. Páálọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ 50 sí 100 kò fẹ̀ ju mítà 15 àti díẹ̀ lọ lójú títì. Ilé aládùúgbò lẹ ti wọ̀ yẹn. Torí náà, kí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ìwé ìṣirò àti ìwé tẹ́ ẹ kọ òǹkà sí nígbà tẹ́ ẹ ń wọn ilẹ̀ sì wà lọ́tọ̀, kó má jẹ́ orí kọ̀ǹpútà kan náà ni gbogbo rẹ̀ sùn sí. Omíyalé 26 August 2011 kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tí fáìlì wà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó bú gbàmù ní Bódìjà ní 16 January 2024. Kí ẹ̀dà kan wà ní àdúgbò mìíràn pátápátá.

Àwọn kan á wá fi èyí kẹ́wọ́ láti tọ́jú ohun gbogbo títí ayé. Rárá o. Pláànù àti ìṣirò rẹ̀ gbọ́dọ̀ pẹ́, torí ẹjọ́ ilẹ̀ lè jí lẹ́yìn ogún ọdún. Fọ́tòkọ́pì NIN àti ẹ̀rí owó kò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ mọ́ bí iṣẹ́ bá ti parí tí àkókò ìṣirò owó sì ti kọjá. Òfin ní kí a má fi wọ́n pamọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá gbà pé wọ́n jí láàpútọ́ọ̀pù ọ́fíìsì nínú ọkọ̀ ní Ìwó Road ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tẹ́ ẹ sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ewu bá lè tibẹ̀ dé bá àwọn tó ni ìsọfúnni, wákàtí 72 lẹ ní láti sọ fún NDPC, ìyẹn ni pé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ló pé. Bí ewu náà bá pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ tètè sọ fún àwọn oníbàárà fúnra wọn. Àjọ náà á fẹ́ mọ irú ìsọfúnni tó wà lórí ẹ̀rọ náà àti iye èèyàn tó kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdíwọ̀n. Ó tún ń ka ohun tẹ́ ẹ ti ṣe ṣáájú sí, bíi kí gbogbo inú ẹ̀rọ wà ní títì tó bẹ́ẹ̀ tí olè kò fi ní rí nǹkan kà. Windows Pro ní BitLocker tó ń ṣe èyí láìgba owó mìíràn. Ẹ tàn án lónìí, kẹ́ ẹ sì kọ kọ́kọ́rọ́ tó bá fún yín sórí bébà tí kò ní sí nínú báàgì láàpútọ́ọ̀pù náà.