Ẹrù Méjì Ló Wà Nínú Gálátíà Orí Kẹfà

Ẹni tó ń wá owó yá á ka ẹsẹ kejì: "Ẹ máa ru ẹrù ọmọnìkejì yín." Ẹni tí kò fẹ́ yá a lówó á fò bọ́ sí ẹsẹ karùn-ún: "Olúkúlùkù ni yóò ru ẹrù ti ara rẹ̀." Ìjà á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kẹta á ní Pọ́ọ̀lù ta ko ara rẹ̀.

Kò ta ko ara rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tú, tó parí ní 1884, "ẹrù" kan náà ló wà nínú ẹsẹ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù kọ kì í ṣe ẹyọ kan. Baros ló wà ní ẹsẹ kejì: ìnira tó ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn alágbàṣe ọgbà àjàrà ń ráhùn sí ní Mátíù 20:12. Phortion ló wà ní ẹsẹ karùn-ún: ẹrù tí wọ́n dì fún ẹnì kan láti gbé. Phortion kò sọ pé ó wúwo. "Ẹrù mi sì fúyẹ́" ní Mátíù 11:30, phortion ni. Nígbà tí Jésù ń sọ ti èyí tí àwọn Farisí ń dì lé aráyé lórí ní Mátíù 23:4, ńṣe ló fi "wúwo" kún un, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún "wúwo" náà sì bá baros tan. Kíkọ́ là ń kọ́ nǹkan wọ̀nyí. Wọn kì í fi í han èèyàn lójú àlá.

Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbé Gíríìkì tì. Ẹni tó ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹsẹ kìíní ń sọ, pé kí ẹ gbé e dìde. Ẹsẹ kẹrin ní kí kálukú yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Ẹ wo "yóò" inú ẹsẹ karùn-ún: ọjọ́ iwájú ló ń tọ́ka sí, ìjíhìn ni. Owó yíyá dà níbẹ̀?

Nọ́ńbà ẹsẹ ló ń bá wa jà. Robert Estienne, atẹ̀wé ará Faransé, ló fi wọ́n sí Májẹ̀mú Tuntun ní 1551. Lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ò ní nọ́ńbà. Ẹni tó ń dijú ṣí Bíbélì, tó ń fìka yan ẹsẹ, ó ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ láìmọ Ifá.

Bó bá jẹ́ ti owó, 1 Tímótíù 5 ni kẹ́ ẹ lọ kà. Opó tí a máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ẹni 60 ọdún. Ẹbí ni yóò kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀, kí ìjọ má baà rù ú. Ẹ sì yé fi 2 Tẹsalóníkà 3:10 lu ẹni tí kò ríṣẹ́. "Kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́" ló wà níbẹ̀.

Àwọn tó ń gbowó pé àwọn á bá èèyàn sọ ẹrù rẹ̀ sódò, olè ni wọ́n.

Èyí tó ń ba ilé jẹ́ jù ni onídùúró. Wọ́n á ka ẹsẹ kejì sí yín létí, wọ́n á na fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sí yín. Ẹ béèrè iye owó náà, èlé rẹ̀, àti oṣù tí wọ́n fẹ́ fi san án. Bí gbogbo rẹ̀ bá já lé yín lórí lọ́la, ṣé ẹ lè san án láìta nǹkan? Bí ẹ kò bá lè san án, ẹ fún ẹni tó fẹ́ yá owó náà ní ìwọ̀nba tágbára yín ká, kẹ́ ẹ má retí rẹ̀ mọ́. Òwe 22:27 ní wọ́n lè wọ́ ibùsùn kúrò lábẹ́ ẹni tó dúró fún gbèsè. Ẹ ka fọ́ọ̀mù náà dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó mú báírò.