Ìkógun ni bàálù ogun àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́jú

Bí àwa tí a fẹ́ràn bàálù ogun àtijọ́ bá jókòó pọ̀, tí ẹnì kan wá bèèrè ibi tí àṣà títọ́jú wọn ti ṣẹ̀, ìdáhùn kan náà ló máa ń jáde: ilẹ̀ Faransé ni, lọ́dún 1919, nígbà tí Albert Caquot, onímọ̀ ẹ̀rọ kan níbẹ̀, dá a lábàá pé kí wọ́n kó bàálù jọ sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan. Mi ò bá Faransé jà. Ilé wọn ọ̀hún, Musée de l'Air, wà ní Le Bourget lẹ́bàá Paris báyìí, ibẹ̀ sì tó ohun téèyàn ń fojú rí. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó bí Caquot pàápàá kò tíì dáyé nígbà tí àṣà yìí ti wà, kì í sì í ṣe ìfẹ́ bàálù ló bí i. Ìkógun ló bí i.

Ọdún 1794 ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Faransé dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbé bàlúùnù sójú sánmà kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ̀tá látòkè. Jean-Marie Coutelle lọ̀gá wọn. Meudon, lẹ́bàá Paris, ni wọ́n ti ń ṣe àwọn bàlúùnù náà. Aṣọ sílíìkì ni wọ́n fi ń rán wọn, wọ́n á wá fi ọ̀dà pàtàkì kan kùn ún kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má baà tètè jò. Haidirójìn ni afẹ́fẹ́ ọ̀hún, àtirí i kì í ṣeré ọmọdé: wọ́n á kó irin sínú ọ̀pá, wọ́n á dáná sí i títí irin á fi pọ́n bí ojú ẹyẹ àparò, kí wọ́n tó jẹ́ kí ooru omi gbígbóná gba inú rẹ̀ kọjá. Nicolas-Jacques Conté, ọkùnrin tó ṣe irú pẹ́ńsù tí a fi ń kọ̀wé títí dòní, ìdí iṣẹ́ haidirójìn yìí ló ti pàdánù ojú rẹ̀ kan.

Ní Fleurus, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún náà, Coutelle wà nínú apẹ̀rẹ̀ lókè fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ ogun di okùn mú nílẹ̀ bí ẹni mú màlúù. Bó bá rí i tí ọ̀tá ṣí kúrò lójú kan, á kọ ọ́ síwèé, á sọ ọ́ sílẹ̀. Faransé borí lọ́jọ́ náà.

Ọdún méjì lé díẹ̀ lẹ́yìn náà ni nǹkan yí padà. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1796, Ọ́sítíríà ṣẹ́gun Faransé ní Würzburg, wọ́n sì gba bàlúùnù kan tí wọ́n ń pè ní L'Intrépide, ìyẹn Aláìfòyà. Wọ́n gbé Aláìfòyà lọ sílé. Ó wà ní Vienna di òní olónìí, nínú Heeresgeschichtliches Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ ogun wọn.

Ẹ rò ó wò. Sílíìkì bẹ́ẹ̀ rẹpẹtẹ, lójú ogun, láàárín àwọn ọmọ ogun tí aṣọ ti ya mọ́ lára! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi ọ̀bẹ sí i, kó gé tirẹ̀ fún ìyàwó? Èrò tèmi ni pé nǹkan méjì ló gbà á sílẹ̀. Èkíní, ọ̀dà ara rẹ̀. Ta ni yóò rí awo iṣẹ́ ọ̀tá gbà tí kò ní fẹ́ tú u wò? Èkejì, ẹ̀tẹ́. Bí ẹ bá gba ìbọn lọ́wọ́ ọ̀tá, ìbọn ni, gbogbo ayé ló ní ìbọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ojú tó fi ń wo yín látòkè, ẹ ti gba nǹkan. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gé lékìrí-lékìrí. Wọ́n á gbé e síbi tí àlejò á ti rí i. Lójú mi, ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sílé láìgé e ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bàálù àkọ́kọ́ dé ayé, bí kò tilẹ̀ ní òrùlé.

Wọ́n máa ń já mi lẹ́nu níbí pé bàlúùnù kì í ṣe bàálù. Ẹ̀rín ló máa ń pa mí, nítorí èdè wa ti dá ẹjọ́ yẹn tipẹ́. Níbo la ti rí ọ̀rọ̀ náà bàálù? Ara bàlúùnù òyìnbó náà la ti fà á yọ. Ẹ̀rọ dé lẹ́yìn, ó wá jogún orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá kò gbọ́dọ̀ bá mi jiyàn lórí èyí.

Àwọn kan á ní Washington ni, nítorí káìtì ilẹ̀ Ṣáínà, ohun tí wọ́n ń fi okùn dì mú kí afẹ́fẹ́ gbé e sókè, tí Smithsonian, àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Amẹ́ríkà, gbà lọ́dún 1876. Káìtì! Àwọn mìíràn á dárúkọ Deutsches Museum ti Munich, tí Oskar von Miller dá sílẹ̀ ní 1903. Ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn, ogun kọ́ ló gbé e dìde.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló jẹ́rìí mi jù. Bàálù Albatros ti Jámánì tó wà ní ilé ìrántí ogun Ọsirélíà ní Canberra, ìkógun ni. AEG G.IV, bàálù ajubọ́ǹbù Jámánì tó wà ní Ottawa ní Kánádà, kan ṣoṣo tó kù láyé nínú irú rẹ̀, ìkógun ni. Nígbà tí wọ́n já Manfred von Richthofen, awakọ̀ ogun Jámánì tó lókìkí jù, bọ́ ní oṣù kẹrin 1918, àwọn ọmọ ogun ya bo bàálù pupa rẹ̀ bí ẹni pín ẹran iléyá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àga rẹ̀ dé Kánádà, ọ̀pá tó fi ń darí rẹ̀ wà ní Canberra. Ọkọ̀ kan, ìlú mẹ́ta.

Faransé tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí ńkọ́? Nígbà tí Musée de l'Air máa ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1921, Chalais-Meudon ni wọ́n ti ṣí i. Meudon kan náà tí wọ́n ti ń rán bàlúùnù. Àwọn tó pàdánù Aláìfòyà ni wọ́n padà wá jókòó sójú ibẹ̀, tí wọ́n ń kó tiwọn jọ.

Ìgbà kan wà nínú ìtàn yìí tí ìkógun di olùwá-ibi-ìsádi. Berlin ṣí àkójọ bàálù ńlá kan lọ́dún 1936. Bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní 1943, wọ́n sì sá kó lára èyí tó kù lọ sí Pólàǹdì. Ogun parí, ààlà yí padà, àwọn bàálù náà kò padà sílé mọ́. Kraków, ní Pólàǹdì, ni wọ́n wà.

Ẹ̀ka kejì, ti àwọn tó fẹ́ kó máa fò, ọwọ́ ọmọ olówó kan ní Ìlú Ọba ló ti yọ. Richard Shuttleworth, ará Old Warden, ra bàálù Blériot XI ti ọdún 1909 ní 1935, ó sì tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ kú nínú jàǹbá bàálù ní 1940, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ogun. Ní 1944 ìyá rẹ̀ fi àkójọ náà dá àjọ sílẹ̀ ní ìrántí ọmọ. Blériot náà ṣì ń gbéra, àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, wọn kì í gbé e jáde, bí ó bá sì jáde, fífò fẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà pápá náà ni. Àwọn ẹ́ńjìnnì ìgbà Ogun Kìíní tó ń bá abẹ̀bẹ̀ iwájú yí pọ̀ ni tèmi níbẹ̀. Epo lárà ni wọ́n ń mu, nítorí kì í pò mọ́ pẹtiróòlù. Èyí tí wọn kò bá jó tán, wọ́n á tú u dà sójú awakọ̀. Ẹni tó mọ ohun tí epo lárà ń ṣe nínú ikùn á káàánú àwọn awakọ̀ ọ̀hún.

Ìyókù kò ṣòro. Ní 1957, láìsọ fún ara wọn, àwọn olùtọ́jú bàálù ogun bẹ̀rẹ̀ níbi mẹ́ta: ẹgbẹ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun òfurufú Ìlú Ọba ní Biggin Hill, Lloyd Nolen àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ra bàálù ogun Mustang kan ní Texas, àti Ed Maloney tó ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé bàálù ní Kalifóníà. Amẹ́ríkà ti ṣe nǹkan bíi 300,000 bàálù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n sì ti ń yọ́ wọn ṣe páànù. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọmọ ogun òfurufú Ìlú Ọba ní Hendon ṣí ní 1972, ilé ńlá ti Smithsonian ní Washington ní 1976.

Ọwọ́ Maloney yìí ni mo fẹ́ dá a dúró sí. Ó ní Zero kan, bàálù Jàpáánì tí àwọn Amẹ́ríkà kó ní Saipan lọ́dún 1944. Ẹ́ńjìnnì Sakae ti ara rẹ̀ gan-an ló ṣì ń gbé e. Ní 1978 wọ́n gbé e lọ sí Jàpáánì, wọ́n fò ó lójú àwọn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún gbé e lọ ní 1995. Ìgbà méjèèjì, nígbà tí wọ́n fò ó tán, wọ́n gbé e padà sí Kalifóníà.