Fóònù Tuntun Dé, Rédíò Lọ

Bàbá Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjìgbò, l'Ádó-Èkìtì, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, fóònù tuntun lọ́wọ́ ọ̀tún, ìápíìsì àtijọ́ lọ́wọ́ òsì. Ọmọ wọn ló fi fóònù náà ránṣẹ́ láti Èkó. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, bá mi wò ó, wọn ò lu ihò ìápíìsì sí i."

Mo ní, "Bàbá, kò ní ihò ni."

Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ jẹ wọ́n lówó. "Fóònù olówó gọbọi yìí? Kí wá ni uṣẹ́ rẹ̀?"

Kì í ṣe Bàbá nìkan. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ fóònù, tó wá ń wá ohun tó ti mọ́ ọn lára tì, ṣọ́ọ̀bù ló máa ń gbà. Ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú fóònù náà. Kò bàjẹ́. Èyí tó bá bàjẹ́ là ń tún ṣe. Èyí tí wọn ò fi síbẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, kò sí irin-iṣẹ́ tí mo lè fi dá a padà, ẹni tó bá sì ní òun lè dá a padà, owó yín ló ń wò.

Ti rédíò ló ń bí àwọn àgbà wa nínú jù. Rédíò FM inú fóònù kì í jẹ dátà rárá, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń gba ohùn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe é láìní eriali. Wáyà ìápíìsì yẹn gan-an ni eriali rẹ̀. Ẹ mú Progress FM tó wà lórí 100.5 níbí: ìgbì rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 3. Wáyà tó bá ti tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 75, á gbà á dáadáa, wáyà ìápíìsì sì sábà máa ń gùn ju ìyẹn lọ díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóònù àtijọ́ fi máa ń ní kí ẹ ki ìápíìsì bọ̀ ọ́ kó tó sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé spíkà lẹ fẹ́ fi gbọ́ ìròyìn. Ẹni tó ń gbé lẹ́yìn òkè (ta ni kì í gbé lẹ́yìn òkè l'Ékìtì?) mọ bí a ṣe ń na wáyà yẹn lọ sójú fèrèsé.

Apple ni kò fi ihò yẹn sára iPhone 7 mọ́ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ọ̀gá wọn kan dúró lórí pèpéle, ó ní ìgboyà ló mú àwọn ṣe é. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé AirPods, ìápíìsì wọn tí kò ní wáyà, jáde, tí ẹni tó bá fẹ́ ẹ máa fowó ọ̀tọ̀ rà. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù náà tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó fi di 2019, Galaxy Note 10 ti Samsung náà kò ní ihò mọ́. Lára ọ̀pọ̀ fóònù Android, bí ihò ṣe lọ ni rédíò náà bá a lọ.

Ọmọ ilé á wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wá áàpù rédíò fún yín nínú Play Store." Ẹ ṣọ́ra o. Áàpù yẹn kì í ṣe rédíò tí ẹ mọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa ohùn wá. Ilé-iṣẹ́ rédíò tó bá ń gbé ohùn jáde ní 128 kbps (ìwọ̀n dátà tó ń ṣàn wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á jẹ nǹkan bíi MB 58 láàárín wákàtí kan. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta gbọ́ ọ lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti lé ní GB 5 nìyẹn, ẹ ò sì tíì wo fídíò kankan. Bàbá tó ń ra dátà kékeré kékeré ò ní mọ ibi tí owó ń gbà lọ.

Lórí ìápíìsì fúnra rẹ̀, ẹ lè ra ẹnu kékeré tí wọ́n ń kì bọ Type-C, ihò tí ẹ fi ń ṣáàjì fóònù, kí ẹ wá ki ìápíìsì àtijọ́ bọ̀ ọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ owó nù. Méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ẹ kò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Ọ̀kan kò ju wáyà lásán lọ. Ìkejì ní ṣíìpù kékeré nínú, tí wọ́n ń pè ní DAC, òun ló ń sọ nọ́ńbà inú fóònù di ohùn tí etí lè gbọ́. Àwọn fóònù kan máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn fúnra wọn, wáyà lásán á bá wọn lò. Àwọn mìíràn, bíi Galaxy S20 àti àwọn àbúrò rẹ̀, kò ṣe é rárá: ẹ ki wáyà lásán bọ̀ wọ́n, kẹ́kẹ́ á pa. Ẹ̀yin á wá rò pé ẹnu Type-C ti kú. Ẹ gbé fóònù yín dání lọ rà á, kí ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Ohùn orin á padà. Rédíò ò ní tìtorí ìyẹn padà sínú fóònù tí kò ní in.

Èyí tó ń dun èmi jù ni ti mẹ́mórì, káàdì kékeré tí à ń kó àwòrán àti orin sí. Galaxy S20 gba mẹ́mórì. S21 tó tẹ̀ lé e lóṣù Kìíní 2021 kò gbà á mọ́. Tí àyè bá kún, kí ẹ ra fóònù tó tóbi jù ú lọ, ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Àwọn mìíràn ṣì gbà á, ṣùgbọ́n àyè síìmù kejì ni mẹ́mórì á jókòó sí, ẹ máa mú ọ̀kan.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti Ọ̀yẹ́. Ó yọ mẹ́mórì kúrò nínú fóònù àtijọ́, ó fi sínú tuntun, tuntun ní kó format rẹ̀ (ìyẹn kó pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́), ó sì tẹ̀ ẹ́. Àwòrán ìsìnkú ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti Android 6 ní 2015, fóònù lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ kí mẹ́mórì di ara àyè inú rẹ̀. Tí ẹ bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, á fi kọ́kọ́rọ́ tì í, fóònù yẹn nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́ náà. Fóònù mìíràn ò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Tó bá ti ní kí ẹ format, ẹ má tẹ nǹkan kan. Ẹ dá a padà sínú ti àtijọ́, kí ẹ kó ẹrù yín jáde níbẹ̀. Ẹ sì ṣe é kí ẹ tó fi fóònù àtijọ́ ṣe swap, ìyẹn kí ẹ fi pààrọ̀ òmíràn, torí tẹ́ ẹ bá ti gbé e lé alágbàtà lọ́wọ́, kọ́kọ́rọ́ ti lọ.

Ìyá alájọ kan ní Ọjà Ọba máa ń ká ọ̀rọ̀ òun àti oníbàárà sílẹ̀ lórí ìpè, nítorí "mo dá, o ò dá." Áàpù tí wọ́n ń lò kò ká ohùn ẹnìkejì mọ́ lórí fóònù tuntun. Google ló ti ń dí ọ̀nà yẹn díẹ̀díẹ̀, ó sì ti èyí tó kù pa mọ́ àwọn áàpù Play Store ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2022. Èyí tó bá fóònù wọn wá máa ń kéde fún àwọn méjèèjì pé òun ń ká wọn. Oníbàárà gbọ́ tí òyìnbó dédé sọ̀rọ̀ láàárín òun àti Màámi, ó rò pé ọlọ́pàá ni, ó gé ìpè. Kí n má purọ́, mo fara mọ́ Google díẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kí Màámi máa fi iye owó ránṣẹ́ lórí WhatsApp lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, kí oníbàárà dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni."

Bátìrì tí kò ṣeé yọ: tí fóònù bá gan, ẹ di bọ́tìnnì ìtanná àti ti ìdínkù ohùn mú pọ̀ títí yóò fi kú, tí á sì tún tàn, ọ̀pọ̀ Android ló ń gbọ́ èyí. iPhone tokunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, láti orí 14 lọ sókè: kò ní àyè síìmù rárá, eSIM ni, ìyẹn síìmù tí kì í ṣe káàdì tí à ń kì bọ̀ ọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ sì tó ra èyíkéyìí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sórí GSMArena, ìkànnì tó ń to ohun tó wà nínú fóònù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Radio, Card slot àti 3.5mm jack sí. Tí "No" bá wà níwájú rẹ̀, "No" náà ni.

Bàbá Tíṣà ò dá fóònù ọmọ wọn padà. Òun ni wọ́n fi ń wo ojú ọmọ-ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n tún padà wá, wọ́n yọ ti àtijọ́ jáde lápò, kò sí síìmù nínú rẹ̀ mọ́. Eruku ló kún ihò ìápíìsì. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́, a tan án, Progress FM ń ka ìròyìn.