Sátẹ́láìtì kékeré tí wọ́n ra ẹ̀yà rẹ̀ lórí àtẹ: ṣé ó lè dé Mars?

Báwo ni ẹ̀yà sátẹ́láìtì ṣe dé orí àtẹ?

Ní 1999, àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì ní Kalifóníà, Jordi Puig-Suari àti Bob Twiggs, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀: àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. CubeSat ni wọ́n pè é. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tóbi á to àpótí mọ́ àpótí. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń lo ìwọ̀n kan náà, àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bátìrì, rédíò àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ de oníbàárà.

Tó bá ń ṣiṣẹ́ lókè orí wa, kí ló dé tí kò ní ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn?

Torí pé Ayé fúnra rẹ̀ ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, a ò kàn kà á sí ni.

Ẹ wo bó ṣe ń yíjú. Wíìlì kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí iná ń yí. Bí wíìlì bá yí sápá kan, àpótí á yí sí òdìkejì. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ti àpótí náà díẹ̀díẹ̀, wíìlì á sì máa sáré sí i láti dúró dè é, títí eré rẹ̀ á fi dé góńgó. Nítòsí Ayé, ìyẹn ò le. Wáyà kan wà tí wọ́n ká jọ. Bí iná bá gbà á kọjá, á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fara ti agbára mágínẹ́ẹ̀tì Ayé, wíìlì á sì lè rọra dẹwọ́. Lọ́nà Mars, wáyà yẹn ò bàjẹ́ o, ibi tó máa fara tì ni kò sí. Àfi kí ẹ gbé gáàsì tí ẹ ó máa tú jáde dání, gáàsì sì ń tán.

Ti rédíò tún wà níbẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn ní ìlọ́po 10, agbára tó máa dé ilẹ̀ á di ìdá kan nínú 100.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe é yọrí?

Bẹ́ẹ̀ ni, inú mi sì máa ń dùn sí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2018, NASA rán CubeSat méjì tí wọ́n pè ní MarCO tẹ̀ lé InSight, ẹ̀rọ tó ń lọ balẹ̀ sí Mars. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kìlógíráàmù 13.5. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà wọn, rírà ni. Àmọ́ JPL, ilé-iṣẹ́ NASA kan, ló dìídì ṣe rédíò wọn, Iris. Gáàsì tí wọ́n ń tú jáde, irú èyí tó ń wà nínú ẹ̀rọ panápaná ni. Ọ̀kan tiẹ̀ ń jò lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá, àwọn méjèèjì gbé ìròyìn bí InSight ṣe ń balẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì gba ìṣẹ́jú 8 kí ó tó dé. Kí oṣù Kìíní 2019 tó parí, wọ́n ti dákẹ́.

Ìtànṣán òfurufú ò ní ba chip lásán, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jẹ́ ni?

Ó lè bà á jẹ́, àmọ́ ọgbọ́n wà. Chip fóònù, Snapdragon 801, ló wà nínú Ingenuity, hẹlikópítà kékeré tó fò ní Mars. Chip mìíràn tó lágbára sí ìtànṣán ń ṣọ́ ọ, kó lè tètè ràn án lọ́wọ́ bó bá ṣìṣe. Ìgbà 5 ni wọ́n ní lọ́kàn pé kó fò. Ó fò ní 72.

Ibo gan-an ló ti wá ń bàjẹ́?

Lójú tèmi, ibi gáàsì àti epo ni, níbi tí a ti ń fi tiwa rọ́pò ohun tí Ayé ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. CubeSat tí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ òṣùpá ni Lunar Flashlight, LunaH-Map àti CAPSTONE. Páìpù epo Lunar Flashlight dí, kò dé ibi tó ń lọ. Fáàfù LunaH-Map há. Ti CAPSTONE ò pa dé dáadáa ní oṣù Kẹsàn-án 2022, ló bá ń pòòyì. Ó gba àwọn tó ń darí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó dá a dúró láti ilẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí òṣùpá ká.