Tọ́bòfáànù

Tọ́bòfáànù ni ẹ́ńjìnnì tó ń gbé bàálù èrò àti bàálù ẹrù ńláńlá kiri ayé lóde òní. Nǹkan méjì ló para pọ̀ nínú ẹ̀: ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kan wà láàárín tó ń jó epo, fáànù ńlá kan sì wà níwájú tí ẹ́ńjìnnì àárín yẹn ń fi ṣáàfù (ọ̀pá irin tó ń yí) yí. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ló máa kọ́kọ́ kan fáànù, lẹ́yìn ìyẹn á pín sí méjì: díẹ̀ máa wọ àárín lọ síbi tí iná wà, èyí tó pọ̀ jù máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìfojú kan iná, á sì tú jáde lẹ́yìn. Bí èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ṣe pọ̀ tó sí èyí tó gba àárín ni wọ́n ń pè ní báípáàsì réṣíò. Tí wọ́n bá ní báípáàsì ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ 10, a jẹ́ pé bí kílò afẹ́fẹ́ kan bá ṣe ń wọ ibi iná, kílò 10 ló ń gba ẹ̀gbẹ́.

Fáànù inú páìpù ni orúkọ tó kó gbogbo ẹbí ẹ̀ pọ̀. Ohun tó jẹ́ ni fáànù tí wọ́n fi ìkarahun róbótó yí ká, yálà ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì ló ń yí i o, tàbí ẹ́ńjìnnì pístọ̀n, tàbí mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná.

Ìdí tí afẹ́fẹ́ púpọ̀ fi dáa ju afẹ́fẹ́ tó ń sáré lọ

Bàálù ń lọ síwájú torí pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń ju afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Èèyàn lè ju afẹ́fẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú eré burúkú, ó sì lè ju afẹ́fẹ́ púpọ̀ pẹ̀lú eré díẹ̀, ìtì (agbára tó ń ti bàálù síwájú) tó máa rí lè jẹ́ bákan náà, àmọ́ epo tó máa jó kò ní jẹ́ bákan náà rárá. Ká ní bàálù ṣì dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ń ju kílò afẹ́fẹ́ 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ̀lú eré mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ìtì ẹ̀ á jẹ́ 40,000 newton (òṣùwọ̀n agbára). Ìkejì ń ju kílò 400 pẹ̀lú eré mítà 100, ìtì tiẹ̀ náà á jẹ́ 40,000 newton. Ṣùgbọ́n agbára tí àkọ́kọ́ ń kó sínú afẹ́fẹ́ yẹn tó mẹ́gáwáàtì 8, ti ìkejì kò ju mẹ́gáwáàtì 2 lọ. Orí ìṣirò yìí ni gbogbo ìtàn tọ́bòfáànù dúró lé, òun náà ló sì jẹ́ kí fáànù máa tóbi sí i láti ọdún 1960 wá.

Páìpù tó yí fáànù ká náà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Bàálù èrò sábà máa ń fò ní eré tó sún mọ́ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún eré ohùn, tí bíléèdì (apá pẹlẹbẹ tó ń gé afẹ́fẹ́ lára fáànù tàbí pùròpẹ́là) bá sì tún ń yí lórí eré yẹn, orí ẹ̀ á kọjá eré ohùn dáadáa, ìdí nìyẹn tí pùròpẹ́là lásán fi máa ń ní ìṣòro tó bá ti débẹ̀. Ẹnu páìpù ló ń dín eré afẹ́fẹ́ kù kó tó kan fáànù. Ó tún ń dí etí bíléèdì kí afẹ́fẹ́ má baà yọ́ gba orí ẹ̀ padà, nígbà tí bàálù bá sì ń lọ jẹ́jẹ́, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ yí ètè páìpù wọlé ń fa páìpù fúnra ẹ̀ síwájú, èyí sì ń fi kún ìtì. Gbèsè tó wà níbẹ̀ ni pé páìpù wúwo, ara ẹ̀ sì ń fà lójú afẹ́fẹ́, bí fáànù bá ṣe tóbi sí i ni gbèsè yìí ń pọ̀ sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀

Luigi Stipa, ẹnjiníà ará Ítálì, jẹ́ kí wọ́n fi gbogbo ara bàálù kan ṣe páìpù, pùròpẹ́là wà nínú ẹ̀, bàálù Stipa-Caproni yẹn sì fò ní ọdún 1932. Frank Whittle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba pátẹ́ǹtì lórí ẹ́ńjìnnì tó ní báípáàsì ní 1936, kí ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì kankan tó gbé bàálù fò rárá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Daimler-Benz ní Jámánì dán DB 007 wò lórí ilẹ̀ ní 1943, Metropolitan-Vickers nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà dán F.3 wò lọ́dún yẹn kan náà. Kò sí èyí tó wọṣẹ́ nínú méjèèjì.

Rolls-Royce Conway ni tọ́bòfáànù àkọ́kọ́ tó gbé èrò, lára Boeing 707 àti Douglas DC-8, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Báípáàsì ẹ̀ kéré gan-an, ó wà ní àyíká 0.3, torí pé inú apá bàálù ogun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, àyè fáànù ńlá kò sì sí níbẹ̀. Pratt & Whitney gba ọ̀nà tó rọrùn: wọ́n mú ẹ́ńjìnnì J57 tí wọ́n ti ní, wọ́n yọ ipele mẹ́ta (ìlà bíléèdì mẹ́ta) tó wà níwájú kọ́ńpírẹ́sọ̀ ẹ̀, ìyẹn apá tó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ kó tó dé ibi iná, wọ́n fi fáànù onípele méjì rọ́pò ẹ̀, ó sì di JT3D. General Electric ní tiwọn gbé fáànù sẹ́yìn, wọ́n so ó mọ́ tọ́báìnì (apá tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń yí lẹ́yìn ibi iná), òun ni CJ805-23 tó wà lára Convair 990, àmọ́ ètò fáànù ẹ̀yìn kò gbilẹ̀.

Ìyípadà tó lágbára jù dé pẹ̀lú TF39 tí General Electric ṣe fún bàálù ẹrù ológun C-5 Galaxy, tó kọ́kọ́ fò ní 1968. Báípáàsì ẹ̀ jẹ́ 8. Nígbà tó di January 1970, Boeing 747 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú JT9D tí báípáàsì ẹ̀ wà ní àyíká 5, látìgbà yẹn ni fáànù ńlá ti di ohun tí gbogbo bàálù ńlá ń lò.

Bíléèdì fáànù

Tí èèyàn bá fẹ́ mọ ibi tí iṣẹ́ ẹnjiníà ti le jù nínú fáànù, kó wo bíléèdì. Ká ní bíléèdì kan wọn kílò 10, tí àárín ìwúwo ẹ̀ jìnnà sí àárín ṣáàfù ní mítà 0.8, tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó fẹ́ fà á tu kúrò nídìí tó bí ìwúwo tọ́ọ̀nù 80. Ìdí bíléèdì yẹn gbọ́dọ̀ gba tọ́ọ̀nù 80 yìí mọ́ra ní gbogbo ìgbà tí bàálù bá ń gbéra, fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìrìnàjò, bíléèdì sì tún gbọ́dọ̀ tín-ín-rín létí kó lè gé afẹ́fẹ́ dáadáa, kó fúyẹ́, kí ẹyẹ sì gbá a kó má fọ́.

Bíléèdì àwọn fáànù àkọ́kọ́ jẹ́ titanium (irin líle tó fúyẹ́) tó kún nínú, wọ́n gùn, wọn ò fẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀. Kí wọ́n má baà gbọ̀n títí wọ́n á fi ṣẹ́, wọ́n fi apá kékeré sí ẹ̀gbẹ́ bíléèdì kọ̀ọ̀kan láàárín gígùn ẹ̀, tí gbogbo wọn bá ń yí, apá wọ̀nyí á ti ara wọn, wọ́n á di òrùka kan ṣoṣo. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òrùka yẹn dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ níbi tí eré ti pọ̀ gan-an, ó ń jẹ epo.

Rolls-Royce rò pé kábọ̀n fáíbà (okùn kábọ̀n tín-ín-rín tí wọ́n fi rẹ́síìnì, ìyẹn gọ́ọ̀mù tó ń le, lẹ̀ pọ̀) máa yanjú ẹ̀. Wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní Hyfil ṣe bíléèdì RB211 tí wọ́n ń ṣe fún Lockheed TriStar, ó fúyẹ́ gan-an, àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò pẹ̀lú ẹyẹ ní 1970, ó fọ́, wọ́n sì ní láti padà sórí titanium. Owó tí RB211 ná wọn lápapọ̀ ti pọ̀ jù nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ náà wó ní February 1971, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á. Èèyàn kò lè sọ pé bíléèdì nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó dá iṣẹ́ náà dúró.

Ojútùú tó tọ́jọ́ ni bíléèdì fífẹ̀ tó ṣófo nínú. Tó bá fẹ̀, ó máa ń le lójú ara ẹ̀, kò nílò òrùka àárín mọ́, tó bá sì ṣófo, fífẹ̀ yẹn kò ní sọ ọ́ di ẹrù. RB211-535E4 tó wọ Boeing 757 ní 1984 ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n fi ohun tó dà bí afárá oyin kún àárín ẹ̀. Nígbà tó kan ẹbí Trent, àwọn ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce tó tẹ̀lé RB211, wọ́n yí ọ̀nà padà. Wọ́n á mú pẹlẹbẹ titanium mẹ́ta, wọ́n á fi kẹ́míkà kan kun àwọn ojú ibi tí wọn ò fẹ́ kó lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á tò wọ́n lé ara wọn, wọ́n á fi ìgbóná tó lé ní 900 dígírì àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sọ wọ́n di ẹyọ kan láìlo wẹ́dà. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á lọ́ ọ sí bó ṣe yẹ, wọ́n á tún gbé e padà sínú iná, wọ́n á fẹ́ gáàsì argon sínú ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ bàlúùnù, ara ẹ̀ méjèèjì á wú síta, pẹlẹbẹ àárín á na di òpó kéékèèké tó gbé wọn dúró. Nínú gbogbo iṣẹ́ irin tó wà lára bàálù, agbára káká ni èèyàn fi máa rí èyí tó jinlẹ̀ tó báyìí.

Kábọ̀n fáíbà padà wá ní 1995 pẹ̀lú GE90 lára Boeing 777. Ohun tó mú kó yege lọ́tẹ̀ yìí ni pé bíléèdì ẹ̀ tóbi, ó sì nípọn, rẹ́síìnì tí wọ́n fi pò ó lágbára, wọ́n sì fi titanium bo etí iwájú ẹ̀ níbi tí ẹyẹ ti máa kọ́kọ́ gbá a. GE90-115B ní bíléèdì 22, ó sì ti ìtì tó tó 127,900 páùn nígbà ìdánwò ní 2002. GE9X tó tẹ̀lé e ní 16 péré, fáànù ẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 134, ó kọjá ti GE90 pẹ̀lú 134,300 páùn. Ẹ̀ka ẹ́ńjìnnì kékeré náà kò gbẹ́yìn: CFM56-5B ti ilé iṣẹ́ CFM ní bíléèdì titanium 36, CFM56-7B ní 24, LEAP tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016 ní 18, kábọ̀n tí wọ́n hun bí aṣọ lọ́nà mẹ́ta kí wọ́n tó fún rẹ́síìnì sínú ẹ̀. Híhun yẹn ló ń jẹ́ kó má baà ya bí ewé ìwé tó bá fara gbá.

Tí bíléèdì bá ṣẹ́

Òfin ní kí wọ́n fi ìdánwò hàn pé bí odindi bíléèdì kan bá já nígbà tí fáànù wà ní òkè eré ẹ̀, ìkarahun máa mú un, kò ní jẹ́ kó jáde lọ bá ara bàálù. Wọ́n máa ń fi bọ́ǹbù kékeré gé bíléèdì kan nídìí lórí ẹ́ńjìnnì gidi, ẹ́ńjìnnì olówó ńlá yẹn sì máa ń bàjẹ́ lójú wọn. Kevlar (aṣọ oníokùn tó lágbára gan-an) ni wọ́n fi wé ọ̀pọ̀ ìkarahun, GEnx sì ni ẹ́ńjìnnì bàálù èrò àkọ́kọ́ tí ìkarahun fáànù ẹ̀ jẹ́ kábọ̀n.

Ìdánwò nìkan kò tán ọ̀rọ̀. Ní January 1989, bíléèdì CFM56 kan ṣẹ́ lára Boeing 737-400 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì torí gbígbọ̀n tó ń rẹ irin, àwọn awakọ̀ wá pa ẹ́ńjìnnì tí kò níṣòro, bàálù já nítòsí Kegworth, èèyàn 47 kú. Ní July ọdún yẹn kan náà, dísìkì tó gbé fáànù CF6 fọ́ lára DC-10 ti ilé iṣẹ́ bàálù United, àbùkù tó ti wà nínú titanium ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti yọ́ ọ ló fà á, bàálù náà já ní Sioux City ní Amẹ́ríkà, èyí sì jẹ́ kí wọ́n túbọ̀ fojú sí bí wọ́n ṣe ń yọ́ titanium àti bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní April 2018, bíléèdì já lára 737 ti ilé iṣẹ́ bàálù Southwest, ìkarahun mú bíléèdì fúnra ẹ̀ àmọ́ ara ilé ẹ́ńjìnnì fọ́ síta, ó fọ́ fèrèsé, èrò kan kú. Látìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ ń fi ohùn tí etí kì í gbọ́ yẹ ìdí bíléèdì wò fún ìlà tí ojú ò lè rí.

Gíà

Fáànù ńlá kò fẹ́ yí kíákíá, torí orí bíléèdì ẹ̀. Tọ́báìnì tó ń yí i kò sì fẹ́ lọ jẹ́jẹ́, tó bá lọ jẹ́jẹ́ wọ́n máa ní láti to ipele ẹ̀ pọ̀, á wúwo. Rolls-Royce fi ṣáàfù mẹ́ta yanjú díẹ̀ nínú ẹ̀, kí oníkálukú máa yí bó ṣe fẹ́. Gíà ni ọ̀nà kejì. Ẹ́ńjìnnì TFE731 ti ń lo gíà lára bàálù kékeré láti 1972, ALF 502 náà lò ó lára BAe 146, ṣùgbọ́n ohun tó ń ba wọ́n lẹ́rù lórí ẹ́ńjìnnì ńlá ni ìgbóná: tí mẹ́gáwáàtì 20 bá gba inú gíà kọjá, tí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún bá sọnù, kílówáàtì 200 ló di ooru tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbé jáde.

PW1000G ti Pratt & Whitney bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára A320neo ní January 2016. Tọ́báìnì ẹ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà mẹ́ta kí fáànù tó yí ẹ̀ẹ̀kan, báípáàsì ẹ̀ sì wà ní àyíká 12. Ìṣòro tó kó o sí wàhálà ní 2023, tí ọ̀pọ̀ bàálù fi dúró sílẹ̀, wá láti ara àbùkù nínú irin oníyẹ̀fun (ìyẹ̀fun irin tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di irin) tí wọ́n fi ṣe àwọn dísìkì inú ẹ̀, kì í ṣe láti ara gíà. Rolls-Royce náà ti dán UltraFan wò ní Derby ní 2023, fáànù ẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 140, ó sì ní gíà.

Ariwo

James Lighthill, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 1952 pé ariwo jẹ́ẹ̀tì ń gòkè pẹ̀lú eré ẹ̀ lọ́nà tó le gan-an: tí eré yẹn bá dín kù sí ìlàjì, agbára ariwo á dín kù ní ìlọ́po 256, ó kéré tán lórí ìwé. Torí náà ohun tó ń dín epo kù ló ń dín ariwo kù. Ohun tí wọ́n fi kún un ni ògiri oníhò wẹ́wẹ́ nínú páìpù tó ń gbé ohùn mì, àti etí ẹ̀yìn tí wọ́n gé bí eyín ayùn lára Boeing 787.

Àwọn ibòmíì tí wọ́n ti ń lò ó

Hẹlikọ́pítà Gazelle ní fáànù inú páìpù nídìí ìrù, tí wọ́n ń pè ní Fenestron. Bàálù ogun F-35B ní fáànù tó dojú kọ ilẹ̀ lẹ́yìn awakọ̀, ṣáàfù láti ara ẹ́ńjìnnì ló ń yí i kí bàálù lè balẹ̀ lóòró. E-Fan ti Airbus fi fáànù inú páìpù méjì tó ń lo bátìrì sọdá omi tó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 2015.

Fáànù láìsí páìpù

Nígbà tí fáànù bá tóbi débi pé ìwúwo páìpù ń jẹ èrè ẹ̀ run, ìbéèrè tó kù ni bóyá kí wọ́n kúkú yọ páìpù. General Electric ti gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú GE36, ó fò lára Boeing 727 kan ní 1986, epo wá pọ̀ lọ́jà, wọ́n pa á tì. CFM kéde ètò RISE ní June 2021, wọ́n ní àwọn fẹ́ dín epo kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, bíléèdì iwájú ẹ̀ máa yí ní gbangba, èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kò ní yí, á kàn máa tọ́ afẹ́fẹ́ sọ́nà. Níwọ̀n bí kò ti sí ìkarahun tó máa mú bíléèdì tó bá já, ó ní láti jẹ́ pé ara bíléèdì àti ìdí tó dì mú ló máa gbé gbogbo ẹ̀rí ààbò tí páìpù ti ń ràn wọ́n gbé tẹ́lẹ̀.