Fáìlì CSV yẹn kò bàjẹ́

Bí oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, bá to ọjà rẹ̀ sí Excel, tó fi í pamọ́ ní CSV, tó sì fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu, ó ṣeé ṣe kí oníbàárà yẹn ṣí i kó rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ ti wọ́ jọ sínú òpó (column) àkọ́kọ́, àwọn òpó yòókù sì ṣófo. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé, "Fáìlì yín ti bàjẹ́, ẹ tún un fi ránṣẹ́." Wọ́n á tún un fi ránṣẹ́, bákan náà ni yóò rí. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dunni, torí kò sí òpó kan ṣoṣo tó sọnù nínú fáìlì náà.

CSV kò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ: ìlà kan fún ọjà kan, àmì kan láàárín òpó kan àti èkejì. Orúkọ rẹ̀, "comma-separated values", sọ pé kọ́mà ni àmì yẹn, orúkọ yẹn gan-an ló sì ń ṣi èèyàn lọ́nà. Excel orí Windows kì í wo orúkọ. Windows ló máa ń bi léèrè, níbi tí wọ́n kọ "List separator" sí lábẹ́ Region nínú Control Panel. Lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà tàbí ti Amẹ́ríkà, kọ́mà ló máa bá níbẹ̀. Lórí èyí tí wọ́n tò sí Faransé tàbí sí èdè Jámánì, sẹmikólọ̀n (;) ni. Ìdí ni pé àwọn tó ń lo Faransé kì í kọ mẹ́rin ààbọ̀ ní 4.5; 4,5 ni tiwọn. Kọ́mà ti níṣẹ́ tó ń ṣe nínú nọ́ńbà, wọ́n sì wá àmì mìíràn tí yóò máa ya òpó.

Ẹ wo kampala mítà mẹ́rin ààbọ̀ kan náà bí kọ̀ǹpútà méjèèjì ṣe kọ ọ́:

Kampala,4.5,9000
Kampala;4,5;9000

Kí ẹni Kútọnu wá fi ìlà kejì yìí ránṣẹ́ sí Ìtòkú. Excel Ìtòkú ń wá kọ́mà, ó sì rí ọ̀kan, àmọ́ àárín nọ́ńbà ni kọ́mà ọ̀hún wà. "Kampala;4" á bọ́ sí òpó àkọ́kọ́, "5;9000" á bọ́ sí èkejì. Ó gé aṣọ náà sí méjì gan-an níbi ààbọ̀. Bí fáìlì Ìtòkú bá sì dé Jámánì, tí wọ́n fi ọwọ́ pín in sí òpó, 4.5 lè di ọjọ́ kẹrin oṣù karùn-ún, torí bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ lọ́hùn-ún nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, ohun tó lè dènà gbogbo èyí ti wà nínú CSV tipẹ́. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró rí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ oníko. Ìko ni wọ́n fi ń di ibi tí wọn ò fẹ́ kí aró dé. Aró kò mọ ojú aṣọ tó yẹ kó fi sílẹ̀. Ibi tí ìko bá dì nìkan ni kì í wọ̀. Iṣẹ́ ìko yìí ni àmì àyọlò ń ṣe:

"Kampala, aláró",4.5,9000

Kọ́mà inú àmì àyọlò kò lè ya òpó. Bí àmì àyọlò fúnra rẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tí wọ́n bá fi ìko yí orí ìko kó má baà tú. Ètò ìṣirò tó bá ń gé ìlà níbi gbogbo tó ti rí kọ́mà, láìwo àmì àyọlò, ti já ìko kí aṣọ tó wọnú ìkòkò aró. Ìwé ìlànà CSV tí wọ́n ń pè ní RFC 4180, tó jáde ní 2005, kọ òfin méjèèjì yìí sílẹ̀, kọ́mà ló sì fi ya òpó. Ìyẹn ni pé Kampala,"4,5",9000 ì bá tó fún ẹni Kútọnu. Ìko ti wà nílẹ̀. Kò sídìí tí wọ́n fi ní láti pààrọ̀ àmì tó ń ya òpó láti ìlú dé ìlú. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ nìyẹn: ètò tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń pinnu bí fáìlì tó ń rìnrìn àjò yóò ṣe rí, fáìlì náà kò sì gbé orúkọ ìlú tó ti wá dání.

Ti ọjọ́ burú ju ti òpó lọ, torí kì í pariwo. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí Nàìjíríà àti èyí tí wọ́n tò sí Amẹ́ríkà jọ ń lo kọ́mà, òpó á sì dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n 03/04/2024, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ní Ìtòkú, á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò sí Amẹ́ríkà, ìbáà jẹ́ Abẹ́òkúta níbí ló wà. Irú 13/04/2024 nìkan ni kò ní gbà, torí kò sí oṣù kẹtàlá; á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Bí àwọn ọjọ́ kan bá fara ti apá òsì àpótí tí àwọn yòókù fara ti apá ọ̀tún, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kíkọ ọjọ́ náà ní 2024-04-03 kí ẹ tó fi pamọ́ ló ń gbani.

Lẹ́tà wa náà ń jìyà rẹ̀. CSV àtijọ́ inú Excel ń lo àkójọ lẹ́tà tí Windows yàn fún agbègbè náà, èyí tó sì wà fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò ní ẹ, ọ, ṣ tàbí ₦. Àdìrẹ á di Àdìr?, èyí sì ti sọnù ní tòótọ́, kò sí bí a ṣe lè mú un padà láti inú fáìlì náà. "CSV UTF-8", tó wà nínú Excel tuntun, ni kí ẹ máa yàn.

Ní ti òpó, ẹni tó bá kọ sep=; sí ìlà àkọ́kọ́ ti sọ àmì tó lò fún Excel, àmọ́ ètò mìíràn lè ka ìlà yẹn mọ́ ọjà. LibreOffice, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Excel, ló ń ṣe é bó ṣe yẹ. Kó tó fi CSV pamọ́, ó máa ń gbé fèrèsé kan síwájú ẹni: irú lẹ́tà wo, àmì wo láàárín òpó, àmì wo yí ọ̀rọ̀ ká.