Kí ló pa písítìn? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ́ńjìnì mọ́tò àtijọ́

Ìbéèrè: Agbára ẹ́ńjìnì Ford Model T, tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1908 sí 1927, kò ju nǹkan bí ti ẹṣin 20 lọ. Kí ló ń mú kí písítìn (ẹ̀yà tó ń lọ sókè-sódò) ẹ́ńjìnì tí kì í sáré há mọ́ inú sílíńdà, ihò róbótó tó ń rìn nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ́ńjìnì náà kò ní pọ́ńpù ọ́ìlì rárá. Fláíwíìlì, àgbá irin wúwo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, tó ń yí nínú ọ́ìlì ló ń ta á sókè, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan á wá gbé díẹ̀ lọ síwájú, kí àwọn kọ́ńrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó ń gbé písítìn lọ sókè-sódò, lè máa ta á sára sílíńdà. Bí ìdọ̀tí bá dí páìpù yẹn, tàbí tí mọ́tò ń gun òkè tí kò tán bọ̀rọ̀, iwájú ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́ìlì tó, àfi kó rá wọ abẹ́ mọ́tò. Ẹnu ẹ̀rọ kéékèèké méjì ló wà níbẹ̀, àárín wọn ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Bí ẹ bá ṣí ti ìsàlẹ̀ tí nǹkan kan kò dà, ẹ má tan mọ́tò.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kò ní pọ́ńpù omi náà. Omi gbígbóná ló ń gòkè fúnra rẹ̀, tútù á sọ̀ kalẹ̀. Bí omi rédíétọ̀ bá ti fà ju ẹnu páìpù òkè lọ, kò ní yí mọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè: Bí mo bá tú ẹ́ńjìnì, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó pa písítìn?

Ìdáhùn: Ara písítìn ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ta mọ́tò fún yín. Bó bá họ yí ká, ooru ló mú un wú títí àlàfo fi tán láàárín òun àti sílíńdà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló họ, àìtó ọ́ìlì ni. Bó bá lu ní orí, tí etí ihò náà yọ́, èédú tó dì síbẹ̀ ló pọ́n, tó ń tan epo kí pílọ́ọ̀gì tó tan án. Orí ẹ́ńjìnì Model T ṣeé ṣí, ẹ ṣí i kí ẹ họ èédú náà dànù.

Bó bá wá jẹ́ ibi tí ríìngì (òrùka tó yí písítìn ká) jókòó sí ló fọ́, nọ́ọ̀kì ni, ìyẹn ni pé epo ń bú gbàù nínú sílíńdà dípò kó jó wẹ́rẹ́, ọwọ́ awakọ̀ sì ni ìyẹn wà láyé ìgbà náà. Ọ̀pá kékeré kan wà lápá òsì stíárìn: tí ẹ bá fà á wálẹ̀, pílọ́ọ̀gì á tètè tanná, tí ẹ bá tì í sókè, á pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó fà á wálẹ̀ lójú títì tó tẹ́jú, tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi dé òkè, á máa gbọ́ kọ́ kọ́ kọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù lu irin. (Ẹni tó bá sì fà á wálẹ̀ kó tó fọwọ́ yí mọ́tò láti tan án, apá rẹ̀ lè kán.)

Ìbéèrè: Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, irin písítìn di nǹkan bí 1,200°C. Kí ló dé tí wọ́n fi irin sílẹ̀?

Ìdáhùn: Iná inú sílíńdà ń kọjá 2,000°C, ó lè yọ́ méjèèjì. Ohun tó ń gba písítìn là ni kó tètè gbé ooru kúrò lórí ara rẹ̀ fún sílíńdà, alumíníọ̀mù sì yá jù irin lọ dáadáa nídìí èyí. Ó tún fúyẹ́. Ní 1913, W. O. Bentley, tó ń ta mọ́tò DFP ní London, rí ohun kékeré kan tí wọ́n fi ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ, tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe nílé iṣẹ́ DFP ní Faransé. Ó ní kí wọ́n fi alumíníọ̀mù 88% àti bàbà 12% rọ písítìn fún òun, ó sì jẹ́.

Àmọ́ bí ooru ṣe ń mú alumíníọ̀mù wú tó ìlọ́po méjì ti irin. Ẹni tó bá fi rọ́pò písítìn irin láì fi kún àlàfo, á há. Bí àlàfo bá sì tó, á máa pariwo kí ẹ́ńjìnì tó gbóná. Ẹ fi í sílẹ̀ kó pariwo.

Ìbéèrè: Mo pààrọ̀ písítìn, ọ́ìlì pé, omi pé, ó tún họ. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ẹ wo ibi tó họ. Bó bá jẹ́ òkè níhà kan, tó sì jẹ́ ìsàlẹ̀ níhà kejì, kọ́ńrọ́ọ̀dù ló tẹ̀. Ẹ tọ́ ọ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra písítìn míì.